Ṣé Géèmù Lè Bá Wa Ta Sólà àti Bátìrì?

Olùkàwé kan kọ̀wé báyìí: "Ilé-iṣẹ́ kékeré ni tiwa. Páńẹ́lì sólà, bátìrì àti ínfátà ni a ń tà. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá bá wa pé kí a jẹ́ kí àwọn ṣe géèmù orí fóònù kan fún wa. Nínú géèmù náà, ènìyàn yóò máa yìnbọn tú ìkùukùu ká kí oòrùn lè ráyè ràn, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá sì pọ̀ jù lóṣù yóò gba bátìrì kan lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tí wọ́n ń béèrè tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ohun tí a ń ná sórí ìpolówó lọ́dún. Ọ̀gá mi fẹ́ kí a ṣe é, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan tí a jọ ń du oníbàárà ti ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi pé eré ọmọdé ni a fẹ́ lọ fowó ṣe. Ẹnìkan tún gbà wá nímọ̀ràn pé ohun àfarawé ló yẹ wá, kì í ṣe géèmù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, ṣé wọ́n sì máa ń mú ọjà tà lóòótọ́?"

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn tó ń ta oríṣiríṣi nǹkan láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìpolówó, ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé mo máa ń pín in sí méjì. Àkọ́kọ́ ni bóyá géèmù lè ta ọjà. Ó lè tà á. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀, n ó sì mẹ́nu kan díẹ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ni bóyá géèmù tí wọ́n gbé wá síwájú yín yìí lè ta irú ọjà tí ẹ̀yin ń tà fún irú àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ yín. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ọ̀gá yín ń dáhùn, èkejì ni ẹ̀yin ń dáhùn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yín kò fi wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ná, nítorí pé ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ tí wọ́n ń pè ní géèmù ìpolówó. Géèmù gan-an ni èyí tó ní òfin, ìdíje àti ìborí, tí ènìyàn ń gbá nítorí pé ó dùn, tí orúkọ tàbí ọjà ilé-iṣẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀. Ohun àfarawé yàtọ̀ sí i. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni borí níbẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa hùwà bí nǹkan gidi ṣe ń hùwà, kí ẹni tó ń lò ó lè yí èyí padà, kí ó yí tọ̀hún padà, kí ó sì rí ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kí ó tó fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ètò máàkì àti ipò, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń ṣe fún èrò tó bá ń wọ ọkọ̀ wọn léraléra. Ọgbọ́n láti mú oníbàárà padà wá nìyẹn, kò sì kan ẹni tí kò tíì rà rí. Ẹ̀kẹrin ni lọ́tìrì, níbi tí ẹ̀bùn ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí orí bá ṣe é fún. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn gbé wá jẹ́ irú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀bùn lé lórí, ohun tí ẹnìkejì gbà yín nímọ̀ràn sì jẹ́ irú kejì. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò jọra rárá.

Géèmù ìpolówó kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1983, Coca-Cola ní kí ilé-iṣẹ́ Atari ṣe géèmù kan fún òun, nínú èyí tí ènìyàn ń yìnbọn lu àwọn lẹ́tà tó para pọ̀ jẹ́ orúkọ Pepsi bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè rò pé ohun mímu ni wọ́n fi tà. Wọn kò gbé e dé ọjà rárá. Ẹ̀dà 125 péré ni wọ́n ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó péjọ sí ìpàdé ìtajà kan ní Atlanta ni wọ́n sì pín in fún, kí orí wọn lè wú. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rán géèmù náà, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn ènìyàn ń gbé wá fún mi láti wò lónìí, bí mo bá béèrè pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ rán an, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé kí àwọn ènìyàn ṣáà lè mọ̀ wá.

Àpẹẹrẹ méjì kan wà tí ọ̀gá yín lè fi gbe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, n kò sì ní fi pamọ́. Ní 1996, àwọn tó ń ta oúnjẹ àárọ̀ Chex fi dísìkì géèmù kan sínú páálí oúnjẹ náà. Orí ìpìlẹ̀ géèmù ìbọn Doom ni wọ́n kọ́ ọ lé, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò níbẹ̀: ọ̀tá kì í kú, ńṣe ni a máa ń dá a padà sí ayé tirẹ̀. Àwọn tó gbá a nígbà ọmọdé ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ní 2006, Burger King gbé géèmù mẹ́ta jáde fún Xbox, ẹ̀rọ tí a fi ń gbá géèmù nílé, wọ́n sì ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dọ́là 3.99 fún ẹni tó bá ra oúnjẹ. Ẹ̀dà tí wọ́n tà ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Àṣeyọrí gidi ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà. Oúnjẹ tí owó rẹ̀ kéré ni, tí ènìyàn lè rà lónìí kí ó tún rà lọ́la, tí ẹni tó ń rà á kò ní láti bá ẹnikẹ́ni ro ó pọ̀. Géèmù kàn fún un ní ìdí kékeré láti yan páálí yìí dípò èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ínfátà àti bátìrì kò sí nínú irú ipò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún mélòó kan ni yóò rà á, owó ńlá ni, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò dá sí i, ẹ̀rù sì ń bà á pé kí òun má lọ ra ohun tí kò ní gbé iná òun. Kò sí iye máàkì tí yóò mú ẹ̀rù yẹn kúrò.

Ohun tí ọdún púpọ̀ ti kọ́ mi ni pé ohun tí ọwọ́ ènìyàn ń ṣe nínú géèmù ló máa ń kù sí i lọ́kàn, kì í ṣe àmì ilé-iṣẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ igun kan lójú fóònù. Nígbà tí Volkswagen fẹ́ gbé ọkọ̀ GTI tuntun kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009, géèmù ìwakọ̀ orí iPhone ni wọ́n fi kéde rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí a fi ọkọ̀ ṣe: ọkọ̀ yẹn gan-an ni ẹni náà ń wà. Nissan àti Sony ti ṣe èyí tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú, ní 2008, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tó ń mú àwọn tó mọ géèmù Gran Turismo gbá jù lọ sórí pápá eré-ìje gidi. Lucas Ordóñez, ará Sípéènì tó kọ́kọ́ borí, di awakọ̀ eré-ìje tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Wàyí o, ẹ fi géèmù ìkùukùu yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀nyí. Kí ni ọwọ́ ń ṣe níbẹ̀? Ó ń yìnbọn. Kí ni ẹni tó ń gbá a mọ̀ nípa páńẹ́lì yín nígbà tó bá parí? Pé bí ìkùukùu bá kúrò, oòrùn á ràn. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé géèmù náà ń rán an létí ohun tó ń kọ ọ́ lóminú jù nípa sólà, pé ìkùukùu lè bo oòrùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nílé tirẹ̀, kò ní ìbọn lọ́wọ́.

Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe irú àṣìṣe yìí rí, kò sì yẹ kí n fi ẹnu sọ ọ́ fún yín bí ẹni pé mo bí i mọ́ ara ni. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta asẹ́ omi gbé iṣẹ́ fún wa. A ṣe géèmù kan tí ẹ̀kán omi ti ń rọ̀, tí ènìyàn ń sáré fi ife gbé èyí tó mọ́, tó sì ń yẹra fún èyí tó dọ̀tí. Ó dùn, mo lè búra. Àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn, inú wa sì ń dùn bí nọ́ńbà àwọn tó ń gbá a ti ń gòkè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a pe díẹ̀ nínú wọn lórí fóònù. Wọ́n rántí ife, wọ́n rántí ẹ̀kán omi, wọ́n sì ń béèrè ìgbà tí ìpele tuntun máa jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà, ọ̀pọ̀ dárúkọ ẹlòmíràn, ẹnìkan tilẹ̀ dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà wa ń bá díje. Kò sí ohun kankan nínú géèmù yẹn tó fi bí asẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, tàbí ìdí tí tiwọn fi sàn ju ti ẹlòmíràn lọ. A kọ́ ilé fún ẹlòmíràn ni.

Ohun àfarawé ló sún mọ́ ohun tí ẹ nílò, ẹ jẹ́ kí n sì fi iṣẹ́ yín gan-an ṣàlàyé rẹ̀. Ká sọ pé oníbàárà kan ní bátìrì àtijọ́ olómi kan, 12V, 200Ah. Bí a bá fi 12 sọ 200 di púpọ̀, wátì-wákàtí 2,400 ló wà nínú rẹ̀ (wátì-wákàtí kan ni iná tí ohun tó ń jẹ wátì kan ń lò fún wákàtí kan), ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń tà á mọ̀ pé kò yẹ kí a fa irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kọjá ìdajì bí a kò bá fẹ́ kí ó tètè kú. Ó ku 1,200. Ínfátà náà yóò jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó sì ku 1,080. Bí fáànù méjì bá ń jẹ 60 wátì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí gílóòbù mẹ́fà ń jẹ 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, 180 wátì nìyẹn, iná náà yóò sì gbé e fún wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó bá tan nǹkan wọ̀nyí ní aago mẹ́jọ alẹ́ yóò bọ́ sínú òkùnkùn ní aago méjì òru. Bí ó bá tún tan tẹlifíṣọ̀n 90 wátì kún un, aago méjìlá òru ni. Bí ó bá fi bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, èyí tí a lè fa tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, fáànù àti gílóòbù yẹn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á dé ìdájí. Mo mọ̀ pé àwọn olùtajà yín ti ṣe ìṣirò yìí fún oníbàárà lórí bébà tí kò lóǹkà, oníbàárà a mi orí, kò sì ní yé e.

Ṣùgbọ́n ẹ fi í sí ojú fóònù. Yàrá kan wà níbẹ̀, oníbàárà ń fi ìka fa fáànù wọ inú yàrá, ó ń fa tẹlifíṣọ̀n wọlé, ó yan bátìrì, ó sì tẹ bọ́tìnnì kan tí òru fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá. Ó ń wo bátìrì bó ti ń lọ sílẹ̀. Ní aago méjì òru, yàrá ṣókùnkùn, fáànù dúró. Ó ṣe é fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ fún un. Ó padà lọ yọ tẹlifíṣọ̀n, tàbí kí ó yan bátìrì tó tóbi jù, ó tún wò ó. Bí ó bá fa fíríìjì wọlé, kí ó rí i pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan ní ìṣẹ́jú àáyá tó ń gbéra, àti pé ínfátà kékeré tó ń wò tẹ́lẹ̀ kò lè gbà á. Iṣẹ́jú márùn-ún bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mo ń pè ní ìtajà. Nígbà tí ó bá wá bá yín, kò ní bi yín pé èló ni bátìrì. Yóò sọ fún yín pé òun fẹ́ kí fáànù méjì àti fíríìjì gbé òun di aago mẹ́fà àárọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì yẹ kí ẹ jọ sọ nìyẹn.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni irú ọjà yín ṣòro láti gbé wá síwájú ẹni tó fẹ́ rà á. Siemens, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe ẹ̀rọ ńlá, tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ hàn oníbàárà, gbé ohun àfarawé kan jáde ní 2011 tí ènìyàn fi ń ṣe àkóso ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. IKEA gbé áàpù jáde ní 2017 tí ó jẹ́ kí ènìyàn fi kámẹ́rà fóònù gbé àwòrán àga sínú pálọ̀ ara rẹ̀ kí ó wo bí yóò ṣe gba ibẹ̀. L'Oréal ra ilé-iṣẹ́ ModiFace ní 2018 nítorí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ènìyàn rí bí àtíkè tàbí àwọ̀ irun yóò ṣe hàn lójú ara rẹ̀. Ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń wá: ìbéèrè kan wà tí oníbàárà kò lè dáhùn láìtíì ra nǹkan, wọ́n sì fún un ní ọ̀nà láti dáhùn rẹ̀.

Ewu ohun àfarawé ni pé ẹni tó kọ́ ọ ló ń pinnu bí oòrùn inú rẹ̀ ṣe máa ràn. Oníṣẹ́ kan tí mo bá ṣe irú rẹ̀ nígbà kan ní kí a fi wákàtí oòrùn tó dára jù lọ́dún ṣe ìṣirò gbogbo ọdún. Mo jiyàn díẹ̀, mo sì gbà, ẹ̀bi tèmi náà sì ni. Nígbà tí àsìkò òjò dé, àwọn tó ti rà á ń yọ fọ́tò tí wọ́n yà lójú fóònù jáde: ohun tí ẹ fi hàn mí rèé, ohun tó wà nílé mi rèé. Kò sí ìwé ìpolówó tí ènìyàn máa ń tọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìpolówó sọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé, ohun àfarawé sì bá a sọ̀rọ̀ ilé tirẹ̀. Ìlérí ni lójú oníbàárà, àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó ìpolówó náà sì lè kà á sí ìlérí. Nítorí náà, ẹ lo ìṣirò oṣù tí oòrùn kéré jù, ẹ fi hàn gbangba iye tí ẹ gbé e kà, ẹ jẹ́ kí oníbàárà lè yí i padà, kí ó sì ṣeé ṣe fún ohun náà láti sọ fún ẹnìkan pé kò nílò bátìrì kejì tó fẹ́ rà. Ọ̀gá yín kò ní fẹ́ràn gbólóhùn ìkẹyìn yìí. Ẹ sọ fún un pé gbólóhùn yẹn gan-an ló máa mú kí àwọn ènìyàn gba ìyókù gbọ́.

Ní ti ẹ̀bùn bátìrì lóṣooṣù, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Àwọn tó máa ń borí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wá ẹ̀bùn kiri, kì í ṣe àwọn tó fẹ́ ra iná, ẹni tó bá sì mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè fi máàkì èké ránṣẹ́ láìgbá géèmù náà rárá. Yàtọ̀ sí èyí, ìdíje ẹ̀bùn ti kó bá àwọn tó tóbi jù yín lọ fíìfíì. Ní 1992, Pepsi ṣe ìdíje nọ́ńbà abẹ́ ìdérí ìgò ní Philippines, wọ́n sì kéde 349 pé ó jẹ mílíọ̀nù kan pésò, láìmọ̀ pé àṣìṣe ti fi nọ́ńbà náà sábẹ́ ìdérí tó tó 800,000. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, ẹjọ́ rẹ̀ sì wà nílé ẹjọ́ fún ọdún púpọ̀. Ní 2001, wọ́n mú àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà nítorí pé ẹni tó ń ṣọ́ ààbò ìdíje ẹ̀bùn McDonald's ló ń jí àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ gbé fún àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Òfin tún wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, bí ẹ̀bùn, oríire àti owó tí a gbọ́dọ̀ san kí a tó kópa bá ti pé sí ojú kan, lọ́tìrì ni òfin kà á sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ pé kò dandan kí ènìyàn ra nǹkan. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, agbẹjọ́rò ló sì lè sọ ti ibi tí ẹ wà fún yín, kì í ṣe èmi.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé kò kàn yín tó bí ó ṣe kan àwọn tó ń ta ṣúgà, ṣùgbọ́n géèmù aláwòrán tí ènìyàn ń fi yìnbọn yóò fa ọmọdé mọ́ra bó ti wù kó rí. Ọmọ kékeré kì í tètè mọ̀ pé ìpolówó ni eré tó ń ṣe. Ní Britain, láti oṣù keje 2017, ìlànà ìpolówó kò gbà kí a fi géèmù tó dojú kọ ọmọdé polówó oúnjẹ tí ọ̀rá, iyọ̀ tàbí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà kan ti 1998 sì béèrè pé kí òbí fọwọ́ sí i kí a tó gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ọmọ tí kò tó ọdún 13 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó kàn yín jù ni dátà. Ẹni tó ń lo ohun àfarawé yín yóò sọ ohun tó ní nílé fún yín àti àsìkò tó máa ń wà nílé. Olè náà á fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò náà máa wáyé nínú fóònù rẹ̀ láìfi nǹkan kan ránṣẹ́, ẹ má sì béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀ títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi ní kí ẹ pe òun.

Àwọn ọ̀dọ́ yẹn yóò fẹ́ ṣe áàpù. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ojú-ìwé tó ń ṣí lórí ìkànnì lásán, tó fúyẹ́, tó sì lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù tó ti pẹ́. Ẹni tó ń ronú bátìrì kò ní gba áàpù sórí fóònù rẹ̀ nítorí ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ tún bi wọ́n léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí i. Àìmọye géèmù ìpolówó ni wọ́n fi Flash ṣe, ètò kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Adobe tí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Nígbà tí Adobe jáwọ́ nínú rẹ̀ ní òpin 2020, wọ́n kú lójú kan náà. Géèmù tí iléeṣẹ́ ológun orílẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń fa ọ̀dọ́ mọ́ra láti 2002 lò tó ogún ọdún, ṣùgbọ́n àpò ìjọba ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Tiyín nílò ẹnìkan tí yóò máa yí iye àti orúkọ ọjà padà nígbà tí wọ́n bá yí padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa polówó bátìrì tí ẹ kò tà mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń tà, ẹ má ka iye àwọn tó gbá a. Àwọn tó bá ohun àfarawé sólà ṣeré fún iṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ́ àwọn tó ti fẹ́ ra sólà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó rọrùn kí ẹ sọ pé òun ló mú wọn rà. Ẹ pín àwọn tó ń wọ ìkànnì yín sí méjì láìjẹ́ kí wọ́n yàn: kí ìdajì rí ohun tuntun náà, kí ìdajì yòókù rí ojú-ìwé tí ẹ ti ń lò. Ẹ fún ìdajì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọn yóò sọ fún olùtajà, ẹ sì dúró pẹ́ tó, nítorí pé ẹni tó wò ó lónìí lè ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹ ka iye tó rà, ẹ sì ka iye tó dá ọjà padà. Mo ti rí i tí iye àwọn tó rà kò yàtọ̀, tí ẹ̀sùn lẹ́yìn ìtajà sì dín kù gan-an. Owó gidi ni ìyẹn náà.

Ẹ kò sì ní láti fi ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìpolówó yín bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìṣirò náà sínú Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, kí àwọn olùtajà yín máa lò ó níwájú oníbàárà fún oṣù kan tàbí méjì, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè sílẹ̀. Bóyá ẹ ó rí i pé wákàtí kọ́ ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn, pé iye ọdún tí bátìrì yóò lò ni, ohun tí ẹ ó kọ́ yóò sì yàtọ̀. Ó tún ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ẹni tó ń so ó mọ́ ilé fún wọn ni wọn kò fọkàn tán, èyí tí kò sí ohun àfarawé tó lè tún un ṣe. Nígbà náà, ẹ fi owó náà kọ́ àwọn tó ń so ó. Láti ibi tí mo jókòó sí yìí, n kò lè rí èyí tó jẹ́ tiyín nínú wọn. Ìwé àwọn olùtajà yẹn ni yóò sọ ọ́. Ní ti géèmù ilé-iṣẹ́ kejì, ohun tí ọ̀gá yín rí ni pé wọ́n ní in. Kò rí ìwé owó wọn.

Bí ìdáhùn inú ìwé yẹn bá fi hàn pé ohun àfarawé ló tọ́, ẹ padà lọ bá àwọn ọ̀dọ́ náà, nítorí pé ẹni tó lè fi ìkùukùu àti ìbọn ṣe géèmù lè fi fáànù àti òru ṣe ohun tí mo júwe. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé tiyín ni gbogbo kóòdù rẹ̀, pé ẹnìkan nílé-iṣẹ́ yín yóò lè yí iye inú rẹ̀ padà láìpè wọ́n, àti pé ìdá tó kù nínú owó wọn yóò di sísan lẹ́yìn tí onímọ̀ iná kan bá ti fi bátìrì gidi àti fáànù gidi dán ìṣirò rẹ̀ wò láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí tí iná yóò fi kú.